Bí Fóònù Mẹ́ta Ṣe Jó ní Gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Wa

Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ ni ó mọ bí ìròyìn ilé ti dùn tó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí gbogbo wa fi máa ń sáré ka ojú ewé yìí, kí a lè mọ ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó gbéyàwó, àti ẹni tí Ọlọ́run pè. Ní oṣù yìí, Baba Alága ní kí àwa akọ̀wé rélùwéè kọ ìwé tiwa, kí a ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí fóònù mẹ́ta tí ó jó ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Minna nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá. Ọ̀rọ̀ ti ń rìn káàkiri. Àwọn kan ní sólà kò dára, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀ o, ọwọ́ tiwa ni. A ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a kà mọ, ìwé ẹrù rélùwéè ni a sì ń kọ jẹun. A kì í ṣe oníná. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni a ti fẹ́ràn láti mọ inú nǹkan, ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi fi sólà sí ìkáwọ́ wa nígbà tí gbogbo wa dá owó jọ ra páànẹ́lì kan àti bátìrì volt 12. Iná ìjọba ń wá, ó ń lọ, bí àlejò tí kì í sọ ọjọ́ tí yóò dé; ṣùgbọ́n pẹ̀lú sólà yìí a ń tan gúlóòbù nígbà ìpàdé, àwọn tí kò sì ní iná nílé ń gbé fóònù wọn wá fi iná sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Inú wa dùn sí iṣẹ́ náà. Ká sọ tòótọ́, a tilẹ̀ ń gbéraga díẹ̀.

Ìṣòro tí a kọ́kọ́ rí ni pé volt 5 ni fóònù ń jẹ, volt 12 sì ni bátìrì ń gbé jáde. Kì í tilẹ̀ ṣe 12 nígbà gbogbo. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, tí páànẹ́lì ń rọ agbára sínú bátìrì, ó lè gòkè dé 14 lé díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a ti lò ó, ó lè rẹlẹ̀ dé 11. Ohun tí a kọ́kọ́ fi sí àárín ni ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe mọ̀ sí 7805. Ó ń fún wa ní volt 5 lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí ó lé ni ó ń sọ di ooru. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí akọ̀wé: bí fóònù bá gba ampere 1, watt 12 ni ó kúrò nínú bátìrì, watt 5 ni ó dé ọ̀dọ̀ fóònù, watt 7 sì ṣòfò lójú ọ̀nà. Ní ọ́fíìsì ẹrù tiwa, bí àpò 12 bá kúrò ní Minna tí 5 péré sì dé Kaduna, akọ̀wé tí ó fọwọ́ sí ìwé náà yóò lọ ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú ọlọ́pàá.

Nítorí náà ni a fi lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin Nupe kan tí ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà, tí gbogbo wa ń pè ní Màlámù. Ó ní kí a ra irú ẹ̀rọ tí ń rẹ volt sílẹ̀ nípa ṣíṣí àti títì. A bi í pé báwo ni ṣíṣí àti títì ṣe lè sọ 12 di 5. Ó nawọ́ sí mẹ́ruwà kan tí ń ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Ó ní, “Ṣé ẹ rí ọkùnrin yẹn? Ó ń da kẹ́ẹ̀gì kan sínú dúróòmù yín, ó ń lọ, ó tún ń padà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró lẹ́nu ẹ̀rọ tí ó wà nísàlẹ̀ dúróòmù náà kò mọ̀ pé omi ń wá ní ìdákúrekú. Tirẹ̀ ń ṣàn geere.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà rí. Súwíìṣì kan wà nínú rẹ̀ tí ń ṣí tí ó sì ń tì, kì í ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, bí kò ṣe ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn súwíìṣì ni wáyà kan wà tí a ká bí òwú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí iná gbéra lójijì, kì í sì í jẹ́ kí ó dúró lójijì, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú irin tí ó fa kẹ̀kẹ́ ẹrù ogún lẹ́yìn. Nígbà tí súwíìṣì bá tì, ìwúwo wáyà yìí ni ó ń ti iná lọ síwájú, ẹ̀yà kan tí a ń pè ní dáyóòdù sì ń ṣílẹ̀kùn fún un. Kàpásítọ̀ ni dúróòmù tí ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí súwíìṣì bá wà ní ṣíṣí fún ìpín 42 nínú ìpín 100, volt 12 yóò di 5. Bí bátìrì bá gòkè dé 14, ìpín náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ dé 36; bí ó bá bọ́ sí 11, ó gbọ́dọ̀ gòkè dé 45. Èrè rẹ̀ ni pé kí watt 5 tó dé ọ̀dọ̀ fóònù, nǹkan bí watt 6 péré ni bátìrì ń san.

Ṣùgbọ́n ta ni ń sọ fún súwíìṣì pé àkókò tó láti ṣí, tàbí láti tì? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. A jókòó ti Màlámù ní ìrọ̀lẹ́ púpọ̀, ó sì fi yé wa pé ọ̀nà mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ọ̀nà Ìyá Alákàrà wa. Ẹ kò lè rí aago nídìí iná wọn láéláé. Bí òróró bá fẹ́ máa rú èéfín, wọn á fa igi jáde. Bí àkàrà kò bá hó dáadáa mọ́, wọn á ti igi wọlé. Ààlà méjì ni wọ́n ń ṣọ́, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ṣe báyìí yára púpọ̀. Bí fóònù mẹ́ta bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, lójú ẹsẹ̀ ni yóò dáhùn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní àkókò kan pàtó: nígbà mìíràn á yára, nígbà mìíràn á falẹ̀, ariwo tí ó sì ń dá sínú rédíò kì í dúró sí ojú kan tí a fi lè dí i. Àbúrò rẹ̀ kan wà tí ń ṣọ́ ààlà ìsàlẹ̀ nìkan: bí volt bá ti kan ààlà yẹn, á ṣí súwíìṣì fún ìwọ̀n àkókò kan tí kì í yí padà, á sì tún tì í. Irú èyí pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà kejì ni ti aago. Aago kan wà nínú ẹ̀rọ tí kì í yẹ̀. Bí ó bá ti lù, súwíìṣì ṣí. Ohun tí ń yí padà ni bí yóò ti pẹ́ tó ní ṣíṣí. Ẹ̀rọ náà ní òṣùwọ̀n kékeré kan nínú, á máa fi volt tí ó jáde wé e. Bí ó bá dín, á fi kún ìpín tí ó kàn, bí ó bá lé, á yọ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ni LM2596, tí aago rẹ̀ ń lù ní ìgbà 150,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ volt 1.23. Ariwo rẹ̀ dúró sí ojú kan, ó rọrùn láti dí. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun ọ̀nà nìkan ni ó ń wò. Bí nǹkan bá yí padà lọ́dọ̀ bátìrì, kò ní mọ̀ títí dúróòmù yóò fi gòkè tàbí kí ó fà. Àwa ará ìdálẹ̀ mọ ìyà yìí. Ní ayé lẹ́tà, ilé á kọ̀wé pé kò sí oúnjẹ; kí lẹ́tà tó dé, kí owó tó padà dé ilé, ìkórè ti dé; wọ́n á kọ̀wé pé oúnjẹ ti wà, àwa á dín owó kù, ìgbà tí a dín in kù gan-an sì ni ọ̀gbẹlẹ̀ tún dé. Bí ẹni tí ìròyìn ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá ń dáhùn pẹ̀lú ìwàǹwára, yóò máa pọ̀ jù, yóò sì máa kéré jù ni. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ yìí fi máa ń fi résísítọ̀ àti kàpásítọ̀ kéékèèké kọ́ ọ ní sùúrù.

Ọ̀nà kẹta ń wo dúróòmù, ó sì tún ń wọn kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Aago lù, súwíìṣì ṣí, iná bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú wáyà tí a ká. Bí ó bá ti kan ìwọ̀n tí a fún un, súwíìṣì tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí bátìrì bá gòkè, iná náà á yára kan ìwọ̀n rẹ̀, súwíìṣì á sì tètè tì, kí dúróòmù tó mọ nǹkankan. Bí ẹnìkan bá sì so wáyà méjèèjì pọ̀ ní àṣìṣe, ìwọ̀n náà ni kò ní í jẹ́ kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí ìpín ṣíṣí bá kọjá ìdajì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́: gígùn kan, kúkúrú kan, gígùn kan, kúkúrú kan. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ á jẹ́ kí ìwọ̀n náà máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àkókò ti ń lọ, ó sì tán. Ní ti bátìrì wa, bí ó bá fi lè rẹlẹ̀ dé volt 10, ìdajì gan-an ni a dé yẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé a ṣàlàyé tó báyìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n etí kan náà ni gbogbo wọn gbójú lé. Wáyà tín-ín-rín kan ni ó ń padà láti ibi tí volt ti ń jáde, tí ń sọ fún ẹ̀rọ pé, “Ó ti tó,” tàbí, “Kò tíì tó.” Nínú ẹ̀rọ tí a rà, ọ̀nà kejì ni, etí náà sì gba inú sùkúrù kékeré kan kọjá, èyí tí a fi ń yí volt sókè sódò. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin volt tí ó jáde ni sùkúrù yìí ń jẹ́ kí ó padà sí etí ẹ̀rọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo Minna, inú gbọ̀ngàn kò yọ sílẹ̀. Fóònù mẹ́ta wà lórí tábìlì: ti Baba Alága, ti ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń ta aṣọ, àti ti Ìyá Alákàrà, fóònù kékeré oníbọ́tìnì. Ìyá ní kí a jọ̀wọ́ tètè fi iná sí tiwọn, nítorí pé ọmọ wọn obìnrin tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wọ oṣù rẹ̀, nígbàkigbà ni wọ́n lè pè. A so ó mọ́ ẹ̀rọ, a sì jáde lọ fọwọ́ sí ìwé kan. Kò tó wákàtí kan tí a padà wọlé, òórùn ike tí ó jó ni ó pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbóná bí iyán àárọ̀, kò sí èyí tí ó tan mọ́. A fi mítà sí ẹnu ẹ̀rọ. Ibi tí ó yẹ kí volt 5 wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 12 gbáko.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà ni ó ń dùn wá jù. Ó yẹ kí a ké jáde lójú ẹsẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́. A kó àwọn fóònù sínú àpò, a sọ fún Baba Alága àti ọ̀dọ́bìnrin náà pé a ń tún wọn ṣe. Fún Ìyá Alákàrà, a ní fóònù wọn wà lọ́dọ̀ Màlámù, kò ní í pẹ́. Ní ọjọ́ kejì a ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára. Ní ọjọ́ kẹta, a gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ibi iṣẹ́ kí wọ́n má baà rí wa. Káàdì SIM wọn wà nínú fóònù tí ó jó náà ní gbogbo àkókò yìí. Ọkàn wa kò tilẹ̀ lọ síbẹ̀, bí a ó ti rí owó ra òmíràn ni a ń rò. Nọ́ńbà ọmọ wọn kò sí lórí ẹnikẹ́ni, inú fóònù ni ó wà. Ìyàwó wa sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà pé àkàrà Ìyá ti ń jó lẹ́yìn tí inú rẹ̀ sì tutù, àwọn oníbàárà ń ráhùn. Síbẹ̀ a dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn. Ìyá ni. Wọn kò gbé igbá, wọn kò wé gèlè. Wọ́n wò wá lójú, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, bí ó bá ti kú, sọ fún mi. Mo ti ń múra sílẹ̀ láti àná.”

Ẹ̀yin ará, ara wa domi. Wọ́n rò pé ìròyìn ikú ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa tí a ń fi bò wọ́n. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí eruku. A sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: pé fóònù ni ó jó, pé ẹ̀rọ wa ni ó jó o, pé a kò gbọ́ nǹkankan nípa ọmọ wọn, rere tàbí búburú. Ìyàwó wa sáré yọ káàdì SIM náà, ó fi sínú fóònù tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ìkéde ìpè tí kò wọlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọlé, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. A pe nọ́ńbà náà padà. Ọkọ ọmọ wọn ni ó gbé e: aya rẹ̀ ti bí láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, obìnrin ni, ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà, wọ́n ti pè títí ó sú wọn, àwọn náà sì ti ń bẹ̀rù pé bóyá nǹkan ṣe Ìyá ní Minna.

Ìyá kò kọ́kọ́ yọ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n sì sunkún díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, “Fóònù kì í ṣe nǹkan, a ó ra òmíràn. Dídákẹ́ tí o dákẹ́ ni kò dára.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tí gbogbo àdúgbò fi jí.

Ọjọ́ náà ni a gbé ẹ̀rọ lọ bá Màlámù. Ó tú u, ó fi gíláàsì amúǹkantóbi wò ó, ó sì fi sùkúrù kékeré nì hàn wá. Eruku ọyẹ́ ti wọ inú rẹ̀, irin inú rẹ̀ kò kan ojú tí ó yẹ kí ó kàn mọ́. Etí ẹ̀rọ ti gé. Volt ń jáde, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó padà wá sọ pé ó ti tó. Ẹ̀rọ kò gbọ́ nǹkankan, ó sì gbà pé dúróòmù ti gbẹ. Ni ó bá ṣí súwíìṣì sílẹ̀ gbayawu, kò tì í mọ́, gbogbo agbára bátìrì sì ya lu fóònù. Kò ṣe é pẹ̀lú ìkà. Ohun tí a kọ́ ọ ni ó ṣe.

Èyí yà wá lẹ́nu nítorí ilé iṣẹ́ tí a ti ń jẹun. Ní ojú irin, àwọn baba tí ó kọ́ wa níṣẹ́ fi yé wa pé òfin àtijọ́ ni: ìdákẹ́ túmọ̀ sí dúró. Bí wáyà tí ń fa apá àmì bá já, ìwúwo ara àmì náà á dá a padà sí ipò ìdúró. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Lórí ọ̀nà tí ó ní irin kan ṣoṣo, bí ibùdó iwájú kò bá fèsì, ọkọ̀ kì í gbéra. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ kékeré yìí, ìdákẹ́ túmọ̀ sí pé kí ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ ìyá tí ń retí ìròyìn ọmọ ńkọ́? Ìdákẹ́ wa ọjọ́ mẹ́ta, ikú ni wọ́n kà á sí.

Ẹ wá gbọ́ àtúnṣe tí a ti ṣe. Ìkíní, a yọ sùkúrù náà kúrò, Màlámù sì fi résísítọ̀ méjì tí kì í yí padà jó mọ́ ojú ibẹ̀. Volt 5 nìkan ni a ń fẹ́, kí ni a ń fi sùkúrù ṣe? Ìkejì, a fi ẹ̀ṣọ́ kan síwájú fóònù, ẹ̀yà tí a ń pè ní thyristor, tí ó ní etí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí volt bá kọjá 6, yóò so wáyà méjèèjì pọ̀, fíúsì á sì já kí fóònù tó jó. Fíúsì wọ́n ju fóònù lọ bí? Ìkẹta, ní àràárọ̀ a ń fi mítà wọn ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó so fóònù mọ́ ọn, a sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, bí a ti ń kọ ìwé ẹrù.

Ní ti gbèsè, a ti ra fóònù mìíràn fún Ìyá Alákàrà àti fún ọ̀dọ́bìnrin aláṣọ. Ti Baba Alága ni ó kù. Wọ́n ní kí a má ṣe ìyọnu, ṣùgbọ́n bí a bá gba owó oṣù tí ń bọ̀, a ó san án.

Ọmọ tuntun nì ti gba orúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ìyá kò lè lọ sílé, ṣùgbọ́n fóònù wọn tuntun wà lórí tábìlì gbọ̀ngàn wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó kún dẹ́nu, a sì jókòó yí wọn ká títí tí a fi gbọ́ igbe ọmọ náà láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá bùn wá ní àkàrà. Kò jó, inú rẹ̀ kò sì tutù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bẹ̀rù láti gbé fóònù wá, ẹ máa bọ̀. Kí ẹ tó so ó, ẹ béèrè lọ́wọ́ wa iye tí mítà kà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ìwé náà wà lórí tábìlì. Bí ó bá dára, bí kò dára, a ó fi hàn yín.

Àwa ni tiyín nínú ẹgbẹ́,
Akọ̀wé Rélùwéè, Minna.